ÈÈWỌ̀ NÍLÉ ONÍLÉ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí ti ń fa àríyànjiyàn láàárín wa láti ìgbà tí a ti ti ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan wa dé. Ìbéèrè náà ni èyí: bí ènìyàn kò bá gba èèwọ̀ kan gbọ́, ṣé ó yẹ kí ó pa á mọ́ nígbà tí ó bá dé ilé ẹni tí ó gbà á gbọ́?

Àwọn kan nínú wa ní kò yẹ, nítorí pé ẹni tí Kristi ti dá nídè kò gbọdọ̀ tún fi ọrùn ara rẹ̀ sínú àjàgà. Àwọn mìíràn ní ó yẹ, nítorí pé àlejò kì í ṣe òfin nílé onílé. Tọ̀tún-tòsì ni ó rí ibi tí ó fẹ̀yìn tì nínú Bíbélì. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a kọ èrò wa sílẹ̀, kí a lè rò ó pẹ̀lú sùúrù ju bí a ti ń rò ó lẹ́yìn ìpàdé lọ, nígbà tí olúkúlùkù ti gbé àpò kọ́ apá.

Ẹ ó rántí pé orí kẹwàá Ìwé Àwọn Ọba Kìíní ni a ń kà nígbà náà, níbi tí Ayaba Ṣébà ti lọ dán ọgbọ́n Sólómọ́nì wò. Inú ẹ̀kọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yọ pé àwọn ará Ìjẹ̀bú gbà pé ọ̀dọ̀ wọn ni ibojì ayaba náà wà. A dá owó jọ, a háyà bọ́ọ̀sì, a sì gbéra ní Magodo ní agogo mẹ́fà àárọ̀, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ketu àti Mile 12 tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Ìkòròdú àti Itoikin ni a gbà dé Ìjẹ̀bú-Òdé. Níbẹ̀ ni amọ̀nà wa ti pàdé wa, ọkùnrin kan tí ó mọ igbó ibẹ̀ bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni Eredo. Odi àti yàrà ni. Àwọn baba ńlá wa gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì kó erùpẹ̀ inú rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi di odi gíga. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gígùn rẹ̀ sì tó 160 kìlómítà. Apá kan rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí ó kù wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Níbi tí ó jinlẹ̀ jù lọ, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó nǹkan bí 20 mítà. P. C. Lloyd ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n 1999 ni òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, nípasẹ̀ iṣẹ́ Patrick Darling, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ láti Yunifásítì Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣírò pé ohun tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀ ju èyí tí wọ́n fi kọ́ pírámíìdì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ. Kò sí katapílà nígbà náà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà náà, afẹ́fẹ́ tutù lójijì, bí ìgbà tí a bá kúrò nínú oòrùn wọ inú ilé alámọ̀. Ewéko bo ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àwọn igi ńlá sì pàdé lókè orí wa. Àwọn tí ó ti ń ráhùn nípa orúnkún láti inú bọ́ọ̀sì pa ẹnu mọ́. Amọ̀nà wa sọ fún wa pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, Bílíkísù Sùngbọ́, opó tí kò bímọ, tí ó fẹ́ kí nǹkan kan máa rán ayé létí pé òun gbé inú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọni lára. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí a ń pè ní Màmá nínú ìdàpọ̀ wa ni ó ní ọmọ tí yóò jẹ́ orúkọ rẹ̀. A rí ẹnìkan tí ó fi ọwọ́ lé ògiri yàrà náà tí kò sì tètè gbé e kúrò. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohunkóhun.

Láti ibẹ̀ ni a ti lọ sí Oke-Eri, níbi tí ibojì Sùngbọ́ wà nínú igbó. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Kristẹni pàápàá a máa lọ síbẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé ibojì, amọ̀nà wa dúró, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ẹ̀yin màmá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ibí ni ẹ ó ti dúró. Obìnrin kì í fi ojú kan ibojì yìí.” Èèwọ̀ tí wọ́n bá láyé ni. Wọ́n ní ajá náà kò gbọdọ̀ débẹ̀, àti pé ikú ni fún ẹni tí ó bá rú u. Dírẹ́bà wa bọ́ bàtà, ó wọlé. Ọmọkùnrin tí ó ń bá wa gbé kúlà, tí kò tí ì pé ogún ọdún, òun náà wọlé. Àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí a ti bímọ, tí a sì ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ni ó dúró síta ibojì obìnrin bíi tiwa. Àgbà kan nínú wa ní, “Obìnrin àti ajá, kẹ̀!” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní kò tilẹ̀ yẹ kí a wá. Àwọn kan ní kí a wọlé ní orúkọ Jésù, kí wọ́n lè rí i pé a kò ní kú. Àwọn kan ní kí a dúró níbi tí onílé ní kí a dúró sí. Ìkẹta ni a ṣe ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe àti ìdí tí ó fi tọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, àwọn tí ó ní kò yẹ kí a lọ. Ẹ̀rù tí ó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Wọ́n ní ojú tí ó bá ń wo ohun àjèjì fún ìgbà pípẹ́, ọkàn a máa tẹ̀lé e. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àpẹẹrẹ Pọ́ọ̀lù ní Áténì, nínú orí kẹtàdínlógún ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ nítorí ère tí ó kún ìlú náà, síbẹ̀ kò di ojú. Ó rìn káàkiri, ó wo ohun tí wọ́n ń sìn dáadáa, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sára pẹpẹ kan. Ohun tí ó rí yìí gan-an ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀ fún wọn. Bí kò bá wò, kí ni ì bá fi bẹ̀rẹ̀? Wíwò yàtọ̀ sí sísìn. Angkor Wat wà ní ilẹ̀ Cambodia, tẹ́ḿpìlì ńlá tí àwọn Khmer kọ́ ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn fún òrìṣà àwọn Híńdù, tí ó wá di ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lẹ́yìn náà. Àwọn àlejò láti gbogbo ayé ń wò ó, wọ́n á sì ní kí wọ́n bo èjìká àti orúnkún kí wọ́n tó wọlé. Bíbo èjìká kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́sìn Búdà. Ní ti Eredo, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó bí wa ni. Ọlọ́run ni ó fún wọn ní agbára apá àti ọgbọ́n orí tí wọ́n fi ṣe é, kí ìhìnrere tó dé. Bí a bá kọ̀ láti wò ó, Ọlọ́run kọ́ ni a bọlá fún. Ìran ara wa ni a tàbùkù.

Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á kò gbọdọ̀ lọ nítorí pé ẹgbẹ́ ń lọ. Kí ó jókòó nílé ní àlàáfíà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Èkejì, àwọn tí ó ní kí a wọlé. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wọn le jù láti dá lóhùn, nítorí pé ohun méjì tí ó lágbára ni wọ́n sọ. Wọ́n ní bí a bá dúró síta, a ti fi ẹsẹ̀ wa jẹ́rìí pé ikú wà nínú igbó náà. Wọ́n tún ní bí obìnrin bá ń gbà kí wọ́n ka òun mọ́ ajá, tí ó sì ń dákẹ́, àwọn ọmọbìnrin wa yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí.

Ní ti ẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni dídúró síta ń sọ gan-an? Bí a bá dé mọ́ṣáláṣí, a ó bọ́ bàtà. A kò di Mùsùlùmí. Bí Mùsùlùmí bá wá sí ìgbéyàwó ọmọ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò dìde nígbà tí a bá ní kí ìjọ dìde. Kò di Kristẹni. Ẹsẹ̀ onílé ni à ń tẹ̀ lé nílé rẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni, ọkàn ẹni ni ó mọ̀ ọ́n. Pọ́ọ̀lù tilẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀ràn tí ó jọ tiwa gẹ́gẹ́ nínú ìwé rẹ̀ kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹwàá. Ó ní bí aláìgbàgbọ́ bá pè wá jẹun, kí a jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wa láì béèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ níbẹ̀ pé ẹbọ ni oúnjẹ yìí, kí a má jẹ ẹ́ mọ́, nítorí ẹ̀rí ọkàn ẹni tí ó sọ ọ́, kì í ṣe nítorí ẹ̀rí ọkàn tiwa. Ẹ kíyè sí i: Pọ́ọ̀lù kò gbà pé òrìṣà jẹ́ nǹkan kan. Kò bẹ̀rù ẹran náà. Síbẹ̀ ó fi ọwọ́ sílẹ̀, nítorí pé ẹnìkejì wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí ó lágbára láti ṣe nǹkan, tí kò sì ṣe é nítorí ẹlòmíràn, a kò lè pè é ní ojo.

Àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ní àpẹẹrẹ mìíràn nílé. Thomas Birch Freeman, ẹni tí ó dé Àgbádárìgì ní September 1842 tí ìjọ wa fi bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, ti kọ́kọ́ lọ sí Kumasi ní ilẹ̀ Ashanti ní 1839. Ní Fomena, ní ojú ọ̀nà, wọ́n ní kí ó dúró títí àṣẹ yóò fi dé láti ọ̀dọ̀ ọba. Ó jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kò ní òun ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Ọba àwọn ọba, kí wọ́n ṣí lọ́nà. Ó dúró, ọ̀nà sì ṣí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ti pé wọ́n ka obìnrin mọ́ ajá, ó dùn wá, a kò sì ní sọ pé kò dùn wá. Ṣùgbọ́n kí a tó dá àwọn ará Oke-Eri lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn Kristẹni ẹgbẹ́ wa. Òkè Athos wà ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí àwọn ọkùnrin tí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run ti ń gbé nínú ilé àdúrà wọn láti ohun tí ó lé ní 1,000 ọdún. Màríà ìyá Jésù ni wọ́n ya gbogbo òkè náà sọ́tọ̀ fún, bẹ́ẹ̀ obìnrin kankan kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ títí di òní. Ilẹ̀ obìnrin tí a ti mọ́ obìnrin, kì í ṣe Ìjẹ̀bú nìkan ni ó wà. Ẹni tí yóò bá wọn wí ní Oke-Eri ní láti múra láti bá àwọn arákùnrin nínú Olúwa wí pẹ̀lú.

Bíbọ̀wọ̀ fún onílé kò sì ní kí a di odi. A béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà wa pé, “Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ibojì obìnrin fi di èèwọ̀ obìnrin?” Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin màmá mi, bí a ṣe bá a nìyẹn. Ọmọbìnrin tèmi náà ti bi mí bẹ́ẹ̀.” Ìbéèrè tí ọmọ rẹ̀ bi í yìí ní agbára ju kí àlejò ogún fi ipá wọlé lọ. Bí èèwọ̀ náà yóò bá yí padà, àwọn tí ó ni ín ni yóò yí i padà, àwọn ọmọbìnrin wọn ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àwa bá fi ipá wọlé, àwọn ọmọbìnrin náà ni yóò kù sílẹ̀ láti jẹ ìyà ìbínú tí a dá sílẹ̀, nígbà tí àwa bá ti padà sí Magodo.

Nítorí náà, a gbà pé ìkẹta ni ó tọ́, kí a dúró. Ṣùgbọ́n a ní láti pààlà sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ọ̀rọ̀ wa sódì pé gbogbo èèwọ̀ ni kí obìnrin máa tẹrí ba fún.

Ààlà kìíní: bíbọ̀wọ̀ kò gbọdọ̀ mú wa purọ́. Amọ̀nà wa gbà pé Sùngbọ́ ni Ayaba Ṣébà. Sólómọ́nì jọba ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Darling fi Eredo sí nǹkan bí 1,000 ọdún, àwọn mìíràn tí ó ṣèwádìí lẹ́yìn rẹ̀ sì ní kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ èyí kúrò lára ìyẹn, ó hàn gbangba pé Sólómọ́nì ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ yàrà yẹn. A kò bá amọ̀nà wa jiyàn nínú igbó rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ kọ́ àwọn ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pé Ṣébà sùn ní Ìjẹ̀bú. Iṣẹ́ Sùngbọ́ tó ohun tí a lè yìn láì yá orúkọ ayaba mìíràn fún un. Ẹsẹ̀ lè dúró níbi tí onílé ní kí ó dúró; ahọ́n kò gbọdọ̀ sọ ohun tí a mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ààlà kejì: èèwọ̀ tí ó bá kúrò nílé olóhun tí ó wá bá wa nílé wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò mọ́. Ní Oke-Eri, àwa ni a lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá kéde ní ìlú kan pé nítorí Orò, obìnrin kankan kò gbọdọ̀ jáde, àti nọ́ọ̀sì tí ó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, àti aboyún tí ọmọ ń mú, a ti kọjá ààlà ilé onílé. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 41, fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti máa rìn káàkiri ilẹ̀ yìí. Níbẹ̀, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀, kí a sì sọ ọ́ níwájú ọba àti ìjọba, láì bú ẹnikẹ́ni.

Ààlà kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: èèwọ̀ tí ó bá ń pa ẹlòmíràn lára. Nígbà tí a dúró síta ibojì yẹn, ìtìjú díẹ̀ ni ó jẹ wá, àwa ni a sì fi ara wa gbà á. Ṣùgbọ́n a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ara ẹlòmíràn gba ìyà nítorí pé a fẹ́ jẹ́ àlejò rere. Mary Slessor, tí ó dé Calabar ní 1876, kọ́ èdè àwọn tí ó bá níbẹ̀, ó jẹ oúnjẹ wọn, ó bá wọn gbé bí ará ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí èèwọ̀ bá ní kí ìbejì kú, ó ń gbé àwọn ọmọ náà sá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ni. Kò wí pé ilé onílé ni.

Ẹ̀yin ìyá, ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá kàn wá gan-an. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn gbóná ní Oke-Eri, tí wọ́n fẹ́ fi hàn pé èèwọ̀ kò lè rí obìnrin onígbàgbọ́ ṣe, ni ó ní opó nínú ìdílé wọn. Ọkọ kú, àwọn ẹbí dé. Wọ́n ní kí ó fá irun. Wọ́n ní kí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó má jáde, kí ó má wẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, wọ́n tilẹ̀ ń fi ìbúra wá ìdí ikú lẹ́nu rẹ̀. Ta ni ó sábà máa ń di abẹ̀ ìfárí náà mú? Kì í ṣe ọkùnrin. Àwọn obìnrin ilé ni, àwọn kan nínú wọn sì ń jókòó pẹ̀lú wa ní ìpàdé. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin ní 2015 tí ó ka fífi ìyà jẹ opó lọ́nà báyìí sí ẹ̀ṣẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ yàrá opó bí ẹnìkan nínú ilé kò bá ṣí ìlẹ̀kùn fún un.

Ìgboyà tí a fẹ́ kó wọ igbó Oke-Eri, ilé ara wa ni ó yẹ kí a kó o lọ. Èèwọ̀ ilé onílé rọrùn láti rú, nítorí pé a kò ní bá wọn gbé ní ọ̀la. Èèwọ̀ ilé ẹni ni ó le, nítorí pé àwọn tí a ó dojú kọ ni ìyá ọkọ wa, ìyàwó ilé wa àti àbúrò wa. Níbẹ̀ a kì í ṣe àlejò. Ohùn wa wúwo níbẹ̀, bí a bá sì dákẹ́, àwa ni a ó dáhùn fún un.

Bí a ó bá tún jáde, ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀nyí sọ́kàn. Kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ níbi tí a ń lọ kí a tó san owó ọkọ̀, kí olúkúlùkù lè pinnu láti ilé. Kí á má fi ẹnu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bú ohun tí onílé kà sí mímọ́. Kí a béèrè ohun tí kò yé wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí a má sì dárúkọ Jésù bí ẹni yọ pàṣán.

Kí a tó tún ìrìn-àjò mìíràn rò rárá, a rọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n fi ìpàdé kan sílẹ̀ láti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí: opó wo ni ó wà nílé wa, kí sì ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣe? Kí a dá orúkọ rẹ̀ mọ̀, kí méjì nínú wa lọ jókòó tì í kí ọjọ́ méje tó pé, kí wọ́n sì wà níbẹ̀ nígbà tí abẹ̀ bá dé.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ilé tí a ti jẹ́ àlejò, àti ilé tí a ti jẹ́ ìyá. Àmín.